Ọ̀gá Tí Ó Fún Kọ̀ǹpútà Ní Pírómóṣọ̀n

Ẹni tí ó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó ka èyí, torí ẹ̀rín inú rẹ̀ lè jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná, ìbínú inú rẹ̀ sì lè jẹ́ kí èèyàn gbàgbé iyọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ìlọrin, ní GRA níbi tí àwọn ilé ìjọba ti dákẹ́ bí ẹni tí ó jẹun yó. Abdulkadir Ọláyíwọlá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, ẹ ti bú u. Alhaji Dókítà Ẹnjiníà Abdulkadir Ọláyíwọlá ni, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Àjọ Ètò Ìlera Orí Kọ̀ǹpútà. Bí akọ̀wé bá kọ gbogbo rẹ̀ sára àpò ìwé, àdírẹ́sì kì í rí àyè mọ́, ìwé náà a sì máa padà wá bá wa.

Ní àárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti fọn fèrè lẹ́nu géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń jẹ búrẹ́dì á gbé e mì láìjẹ ẹ́ kúnná. Bí ọ̀gá bá sín, Àbídèmí, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ni yóò sọ "Alihamudulilahi" dípò rẹ̀ kí ẹnu ọ̀gá má baà rẹ̀ ẹ́. Àbídèmí yìí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni o, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ díákónì.

Àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ pọ̀ ní ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń dún jù ni ti Hàúwà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Huda. Obìnrin yìí kò lọ sí yunifásítì kankan. Ibi tí ó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Post Office ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi kọ̀ǹpútà léèrè ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà sì ń dá a lóhùn, títí ìjọba fi gbà á síṣẹ́. Nílé, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ó bá ti wọ géètì ọ́fíìsì, abẹ náà á wọnú àkọ̀, àtẹ́wọ́ nìkan ni yóò kù. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé sùúrù ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ mọ orúkọ tí ó ń jẹ́ gan-an.

Ohun tí Hàúwà ṣe sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun eré o. Paramọ́lẹ̀ ni ó ṣán bàbá rẹ̀ lóko. Wọ́n gbé e láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, wọ́n ń bèèrè abẹ́rẹ́ oró ejò, kálukú ń sọ pé kò sí lọ́wọ́ àwọn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ náà wà nínú fíríìjì ibì kan tí wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Bàbá náà kú sínú ọkọ̀. Bàṣírù, àbúrò Hàúwà, ni ó jogún oko, oko náà ni ó sì ń ro títí di òní, pẹ̀lú gbogbo ejò inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Hàúwà fi ṣe ètò kan tí nọ́ọ̀sì abúlé lè fi fóònù bi pé: fíríìjì wo ló súnmọ́ wa jù tí abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀? Ó sọ ètò náà ní Ibo-Ló-Wà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ti tipa rẹ̀ padà sóko.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á ya ibì kan díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ṣubú. Ètò orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe odindi. Ẹ̀yà ẹ̀yà ni, bí ọ̀kadà: èyí ń ka máàpù, èyí ń ka fíríìjì, èyí ń kọ èsì. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà wọ̀nyí wà káàkiri ayé, olúkúlùkù a sì máa fún ẹ̀dà tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tuntun bí ó ṣe ń tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí ó ń lọ kó wọn wá ni wọ́n ń pè ní pákéèjì mánéjà. Kì í ṣe ènìyàn o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní Mánéjà. Ohun méjì wà tí Mánéjà kì í pò mọ́ra. Ọ̀kan ni béèsìláìnì: àdéhùn pé ẹ̀yà báyìí báyìí ni a ti dán wò pọ̀, tí wọ́n ti mọ ara wọn, tí ètò náà sì dúró lé. Èkejì ni rìlíìsì: nọ́ńbà tí a kọ sára odindi rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó jáde lọ bá àwọn ènìyàn. Ó tán.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá gba lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹtàdínlógún, èyí tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba, ó ní kí wọ́n gbé òun yípo ọ́fíìsì kí gbogbo nǹkan lè rí òun. Ó rí ògiri, ògiri rí i. Ó dé ẹ̀yìn Hàúwà, ó rí ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà: béèsìláìnì, mẹ́ta, rìlíìsì, mẹ́sàn-án.

"Ìyá Huda," ó ní, "kí ni eléyìí?"

"Béèsìláìnì ni, sà. Òun ni gbogbo ẹ̀ dúró lé."

"Ó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹta."

"Nọ́ńbà lásán ni, sà, kì í ṣe..."

"Ó ti tó ọdún mélòó lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, sà."

"Àbídèmí, lẹ́fẹ́ẹ̀lì mélòó ni mẹ̀séńjà wa wà?"

"Ìkẹrin, sà."

Ọ̀gá mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Ohun tí gbogbo àjọ yìí dúró lé, mẹ̀séńjà jẹ́ ọ̀gá fún un."

"Ìrẹ́jẹ pọ̀ láyé, sà," ni Àbídèmí wí, ó sì fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò tutù.

Hàúwà rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Ó gbìyànjú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó dà bí ọ̀kadà. Rìlíìsì ni nọ́ńbà tó wà lára páléètì. Ẹ lè kọ èyí tó bá wù yín síbẹ̀, ọ̀kadà á ṣì máa lọ. Ṣùgbọ́n béèsìláìnì ni bírékì pẹ̀lú ṣéènì. Wọ́n ti bá ara wọn mu. Ẹ ò lè kọ nọ́ńbà ńlá sára bírékì kó wá tìtorí ẹ̀ mú dáadáa."

"Ọ̀kadà," ni ọ̀gá wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Jíìpù ni mo gùn wá síbí. Ọ̀kadà ni Ìyá Huda fi ń kí mi káàbọ̀."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Hàúwà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí ó tún ń ran àwọn oníyẹ̀yẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀gá bá gun orí àpótí tí wọ́n máa ń gbé kiri fún un nítorí irú ọjọ́ báyìí. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó ní, "mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wo ìsàlẹ̀, ohun tí mo rí ní ìsàlẹ̀ dùn mí. Èmi kì í ṣe ọ̀gá tí ń dá gòkè. Láti òní lọ, ohunkóhun tí ó bá wà lábẹ́ mi kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù mí lọ. Mo fún rìlíìsì ní pírómóṣọ̀n sí ìkẹtàdínlógún. Mo fún béèsìláìnì ní pírómóṣọ̀n sí ìkẹtàdínlógún. Gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìkẹtàdínlógún. Ẹ ó ránṣẹ́ pe Kọmíṣọ́nnà, a ó sì ṣí i lójú ayé."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ohùn kan nínú Hàúwà ní kí ó máa pàtẹ́wọ́ kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́; òun ni ó pa á kẹ́yìn.

Wọ́n kọ àṣẹ náà sínú kọ̀ǹpútà pé gbogbo ẹ̀yà, ìkẹtàdínlógún. Mánéjà lọ, ó bọ̀, ó ní: Kò sí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀. Ó tún ní kò sí. Òótọ́ ni ó ń sọ. Àwọn ẹ̀yà mìíràn kò tíì kọjá ìkejì láyé wọn, ara wọn sì le.

"Ta ló ní kò sí?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Mánéjà ni, sà."

"Ẹ fún un ní kúẹ́rì."

Ẹ má rò pé àwàdà ni. Wọ́n tẹ kúẹ́rì fún pákéèjì mánéjà lórí ìwé tí ó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Odindi àárọ̀ ni wọ́n fi jiyàn bóyá "ìwọ" ni àwọn yóò kọ sí i tàbí "ẹ̀yin", nítorí wọn kò mọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n kọ "ẹ̀yin", kí ó má baà lọ jẹ́ àgbà: *Ẹ ṣàlàyé ìdí tí a kò fi ní fi ìyà tó tọ́ jẹ yín lórí àìgbọràn yín sí Ọ̀gá Àgbà.* Hàúwà ni wọ́n rán láti lọ fi jíṣẹ́. Ó gbé e ka orí kíbọ́ọ̀dù, ó tún fọwọ́ sí i fún Mánéjà pé ó ti gbà á. Obìnrin tí ó bí Huda, tí ó gbá ọlọ́pàá kan lójú rí ní àdúgbò Challenge nítorí ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ni ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà tí ó ń tẹrí ba fún un pé, "Ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí, sà."

Mánéjà kò fèsì. Ìgbìmọ̀ ìbáwí jókòó, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n dá a lẹ́bi. Ọ̀gá wá pe Hàúwà sápá kan.

"Ìyá Huda, ìwọ lo mọ ilé ọkùnrin yìí. Ṣé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan ò sí?"

Ọ̀nà wà. Ó yẹ kí ó sọ pé rárá. Ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣí fún un.

"Yàrá tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ṣófo," ni ọ̀gá fi kún un. "Olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ló yẹ ibẹ̀."

Oòrùn Ìlọrin mú ní àkókò náà. Ohun tí ó jáde lẹ́nu Hàúwà ni, "Ó ṣeé ṣe, sà."

Ó ní kí Mánéjà má ṣe yẹ nǹkan wò mọ́. Ó mú àwọn ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ha nọ́ńbà wọn, ó kọ mẹ́tàdínlógún sí i. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ẹ bá pe ewúrẹ́ ní ẹṣin, ewé náà ni yóò máa jẹ. Ẹ̀yà kan ṣoṣo, èyí tí ń ka máàpù, ni ó ní ìkẹtàdínlógún tòótọ́, wọ́n sì ní kí Mánéjà mú un wá. Ó mú un wá. Àwọn tí ó ṣe é sì ti yí i padà: nínú nọ́ńbà méjì tí ń sọ ibi tí èèyàn wà, ti àtijọ́ máa ń ka àríwá kí ó tó ka ìlà-oòrùn, ti tuntun ń ka ìlà-oòrùn kí ó tó ka àríwá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Hàúwà kà á, ó ní òun á dán an wò tí òun bá kó ẹrù wọ yàrá tuntun tán. Ó kó ẹrù wọlé. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lára. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí.

Ọjọ́ pé. Láàárọ̀, rìlíìsì kẹtàdínlógún wọ fóònù gbogbo nọ́ọ̀sì abúlé. Wọ́n gba gbọ̀ngàn kan ní Challenge, ọkọ̀ ìjọba dí ojú títì, àwọn onímọ́tò ń ṣẹ́ èpè tí kò wọlé nítorí ìró gbohùngbohùn. Kọmíṣọ́nnà, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó ní iwájú. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tóbi lára ògiri bí ilẹ̀kùn ààfin. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí omi orí tábìlì fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní nígbà tí òun dé orí àléfà, béèsìláìnì wà nínú òṣì.

"Ẹ jẹ́ kí á bi í léèrè," ó ní. "Ká sọ pé ejò ṣán ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn yìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Níbo ni kí a gbé e lọ?"

Àbídèmí tẹ̀ ẹ́. Máàpù jáde lára ògiri. Àwọ̀ omi ni gbogbo rẹ̀. Àmì kékeré tí ó dúró fún gbọ̀ngàn náà ń léfòó láàárín agbami òkun, kò sí ilẹ̀ nítòsí, kò sí igi.

Hàúwà, lórí ìjókòó rẹ̀ ní ìlà kejì, mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i tán. Àríwá ti di ìlà-oòrùn.

Ọ̀gá wo omi náà. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rù. "Ẹ wò ó," ó ní, ohùn rẹ̀ gbọ̀n pẹ̀lú ìgbéraga. "Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹta kò lè rí èyí láéláé. Ìkẹtàdínlógún ń fi ọjọ́ iwájú hàn wá: Ìlọrin, ìlú etí òkun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ bèèrè ibi tí èbúté yóò wà. Èsì wá jáde lábẹ́ máàpù pé fíríìjì tí ó súnmọ́ àárín omi náà jù wà ní ìkọjá Ọ̀mù-Àrán.

"Ọ̀gá ti dá ìlú wa lọ́lá," ni Àbídèmí wí, ó dọ̀bálẹ̀.

Fóònù Hàúwà gbọ̀n nínú àpò. Abọ́sẹ̀dé ni, nọ́ọ̀sì abúlé Bàṣírù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ wà lóde. Paramọ́lẹ̀ ṣán Bàṣírù. A wà nínú ọkọ̀, fóònù ní ká máa lọ sí ìkọjá Ọ̀mù-Àrán. A ti la Ìlọrin kọjá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú dé orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ nídìí eyín ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé kò sí nítòsí?"

Ohùn Bàṣírù dún lẹ́yìn, ó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. "Bi í kó o gbọ́, ta ló kú ní Ọ̀mù-Àrán tí mo fẹ́ lọ kí?"

Ọwọ́ méjèèjì Hàúwà wà lókè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pàdé fún àtẹ́wọ́ tí ó kàn. Ó wò wọ́n bí ẹni tí ó rí ọwọ́ ẹlòmíràn lára rẹ̀. Bàbá wọn kọjá lẹ́nu ọ̀nà fíríìjì. Ọmọ náà sì ti ń kọjá báyìí, òun tí ó ṣe ètò náà sì ni ó rán an kọjá, nítorí afẹ́fẹ́ tútù.

"Ẹ dúró síbi tí ẹ wà," ni ó sọ fún Abọ́sẹ̀dé. "Má pa fóònù."

Ó gun orí pèpéle. Kò bọ́ bàtà, kò tẹrí ba.

"Ìyá Huda, a kò tíì pè ọ́," ni ọ̀gá wí.

"Mo mọ̀." Ó fi ìdí ti Àbídèmí kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi ń jáde lára ògiri, gàgàrà, kí gbogbo Challenge lè kà á: béèsìláìnì, mẹ́ta, rìlíìsì, mẹ́sàn-án.

Ọ̀gá rí i. "Ta ló fọwọ́ sí dímóṣọ̀n yìí? Lójú Kọmíṣọ́nnà, ẹ já mi láti ìkẹtàdínlógún wá sí ìkẹta?"

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Bírékì ni." Kò gbójú sókè. "Ejò ti ṣán àbúrò mi, ohun tí a jọ ṣe yìí sì ń rán an lọ síbi tí yóò kú sí lọ́nà. Ìlọrin kò sí nínú òkun. Máàpù ti dojú rú, èmi ni mo dà á rú, ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é."

"Ẹ yọ wáyà ẹ̀," ni ọ̀gá wí, nígbà tí kò sì sí ẹni tí ó dìde, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń wá wáyà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ìdí rẹ̀ kọjú sí Kọmíṣọ́nnà.

"Alhaji," ni Kọmíṣọ́nnà wí, "ẹ dìde níbẹ̀."

Mánéjà tí wọ́n fún ní kúẹ́rì, tí wọ́n dá lẹ́bi níbi tí kò sí, kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ̀yà ọjọ́sí wá lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wà, torí wọ́n ti kọ àdéhùn náà sílẹ̀, àdéhùn kì í sì í bèèrè lẹ́fẹ́ẹ̀lì ẹnikẹ́ni. Ó ń kó wọn bọ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo wọn ń gbọ́ èémí Bàṣírù nínú fóònù tí Hàúwà gbé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn, wọ́n sì ń gbọ́ Abọ́sẹ̀dé tí ń sọ pé, "Bá mi sọ̀rọ̀, Bàṣírù, má sùn."

Omi fà kúrò lára ògiri. Títì jáde, òrùlé jáde, Ìlọrin padà sórí ilẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, èsì: ilé ìwòsàn kan, ẹ̀yìn Post Office, abẹ́rẹ́ wà.

"Ẹ yí padà," ni Hàúwà wí. "Ẹ̀yìn Post Office. Ẹ ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Mo ń pè wọ́n kí wọ́n gbé e jáde sílẹ̀."

Nígbà tí ó gbé fóònù náà kalẹ̀, Kọmíṣọ́nnà ti dìde. Ó wo gbogbo òṣìṣẹ́ àjọ náà, láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn.

"Nínú gbogbo yín," ó ní, "ta ló sọ fún ọkùnrin yìí pé ohun tó ń ṣe ò dára?"

Wọ́n ń wo bàtà wọn. Àbídèmí ń wo òrùlé, bóyá Ọ̀mù-Àrán wà níbẹ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni, sà," ni Hàúwà wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì."

"Kó dìde kí n rí i."

Hàúwà na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn awakọ̀. Ó gba orí àwọn akọ̀wé, ó dé iwájú. Láti ọjọ́ tí àjọ náà ti wà, ẹ̀rín kìíní nìyẹn tí Àbídèmí kò kọ́kọ́ rín. Ọ̀gá ń dúró kí ó parí kí òun lè máa bá ọ̀rọ̀ òun lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í gba àṣẹ. Nígbà tí ó kó agbádá rẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò tò sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Wọn kò lé e níṣẹ́. Ìjọba kì í lé ìkẹtàdínlógún. Wọ́n fún un ní yàrá kan nínú ọgbà mìíràn, wọ́n ní Iṣẹ́ Àkànṣe ni ó wà fún. Kò ní akọ̀wé, kò ní mẹ̀séńjà, kò ní ẹni tí yóò bá a dúpẹ́ bí ó bá sín. Ìkẹtàdínlógún náà ni títí di òní, kìkì pé kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀ tí ó dúró lé.

Bàṣírù wà láàyè. Ó ń tiro díẹ̀, ó sì ti sọ ìtiro náà di ohun ìjà. Bí Hàúwà bá lọ kí i lóko, ó máa ń pariwo láti inú ebè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ṣé ara yín tutù báyìí?" Hàúwà a sì rẹ́rìn-ín, torí ó kúrò nínú yàrá náà ní ọjọ́ kejì, ó padà sídìí fèrèsé tí oòrùn ti ń jó o.

Ó ku ohun kan. Kúẹ́rì Mánéjà ṣì wà nílẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pa fáìlì rẹ̀ dé láìní èsì. Ọ̀gá tuntun ní kí Hàúwà bá a fèsì, kí gbogbo rẹ̀ tán. Ó jókòó tì í, ó pa àwọn gbólóhùn gígùn rẹ́, ó pa "pẹ̀lú ọ̀wọ̀" rẹ́. Ohun tí ó kù lórí ìwé náà kò ju ìlà kan lọ: Kò sí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀.

Níbi tí orúkọ Mánéjà ti yẹ kí ó wà, ó kọ ti ara rẹ̀, ó fọwọ́ sí i.